Ìlú Adìgbó Tó Wà Lóko Akínbọ̀wálé

Lọ́jọ́ tí Akínbọ̀wálé kú, gbogbo abúlé ló dúró de ẹkún Àrìnpé. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un, wọ́n gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá yóò dákú, Asiyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dì í lọ́wọ́ mú gírígírí kó má baà forí sọlẹ̀. Kò forí sọ nǹkan kan. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo àwọn adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó yá, ó bi Asiyah pé:

"Ṣé wọ́n ti fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lóúnjẹ?"

"Àrìnpé, fi oúnjẹ sílẹ̀. Sunkún. Mo bẹ̀ ọ́, sun díẹ̀."

"Tó bá dé, màá sun ún."

Kò dé. Wọ́n sin ọkùnrin náà, àwọn èrò jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ, òjò rọ̀, ó tún dá, àgbàdo gbó, ẹkún ò dé. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́yìn pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé nítòsí wọn rí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́, tó wá fọwọ́ kàn án, tí ẹsẹ̀ náà dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn? Gbogbo ara Àrìnpé ló rí báyẹn. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń wẹ̀, kò mọ̀ bóyá omi tutù tàbí ó gbóná. Ó ń gbé epo rẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, ó ń tà á, ó ń bọ̀. Tí wọ́n bá kí i pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, á dáhùn pé a dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n kí i kú ọjà.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ bá a sọ kẹ́yìn, kò tiẹ̀ ṣeé rántí fún ẹnikẹ́ni. Ó bi í pé níbo ló gbé ike bẹntiróòlù sí. Àrìnpé ní ó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin náà jáde, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí-Àràbà ni wọ́n ń gbé, abúlé kan lọ́nà Ìjọ̀un, níbi tí fóònù ti máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ilẹ̀ Benin nígbà téèyàn ò tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni Akínbọ̀wálé ń gbìn. Tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀, á gun ọ̀kadà. Ẹni tó bá sì gbé láti Ọjà-Ọ̀dàn, ìtàn kan náà ni yóò fi sin ín délé.

"Ìlú kan wà níbí rí," báyìí ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, kó tó ki jíà bọ̀ ọ́. "Adìgbó lorúkọ rẹ̀. Ìlaròó àti Ayétòrò tí ẹ ń wò yìí, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn ò tó ìdajì Adìgbó."

Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Kétu, lódìkejì bọ́dà, ló ti gbọ́ ọ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní yàrà jíjìn ló yí ìlú náà ká. Ó ní idẹ ni ilẹ̀kùn ẹnubodè wọn. Ó ní àpáàdì ìkòkò ni wọ́n tò sójú títì, kí ẹsẹ̀ ọba má baà kan iyẹ̀pẹ̀, ọba náà sì ní odò ìwẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ nídìí àti lára. Lọ́jọ́ kan ṣá, gbogbo ìlú pòórá. Àwọn tó wá kí wọn láti ìta bá ọbẹ̀ lórí iná, wọn ò bá èèyàn kan. Àwọn kan ní ogun Dàhọ̀mì ló kó wọn, àwọn kan ní ilẹ̀ ló la ẹnu, àwọn kan ní ṣọ̀pọ̀nná ni. Akínbọ̀wálé ò gba ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní ńṣe ni wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ó ní wọ́n lajú ju kí wọ́n jókòó kí wàhálà wá bá wọn nílé.

"Akin, tí wọ́n bá lajú tó bẹ́ẹ̀," èrò ẹ̀yìn ọ̀kadà á ní, "kí ló dé tí wọn ò fi iná mànàmáná sílẹ̀ fún wa?"

"Ìwọ tí ìjọba ri òpó iná sẹ́nu ọ̀nà ẹ ńkọ́, ṣé iná wà níbẹ̀?"

Èrò á rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Láti Ọjà-Ọ̀dàn dé Ìjọ̀un, "Kábíyèsí" ni wọ́n ń pè é. Òun náà á gbé ọwọ́ sókè, á dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya lábíyá.

Ọdún tó fẹ́ Àrìnpé ló rí ihò kan lóko rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti Ìpókíá wá sí Ìdí-Àràbà ni, wọ́n fún un nílẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ti dá ilẹ̀ náà rí. Akínbọ̀wálé ń ṣán igbó apá ìsàlẹ̀ nígbà tí àdá rẹ̀ dún kọ̀ọ̀ lára nǹkan. Ó fọwọ́ tu ewé kúrò. Ihò ribiti kan ló rí, ó fẹ̀ tó yàrá kékeré, wọ́n to àpáàdì sí i nídìí àti lára, wọ́n tò ó ṣínṣín bí eyín, wọ́n sì la ojú omi tóóró kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sáré wálé, ó fa ìyàwó tuntun dìde nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

"Wò ó! Odò ìwẹ̀ ọba Adìgbó!"

Àrìnpé yí ihò náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ ara àpáàdì kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹkù ni," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹkù. Ẹkù epo."

Ilé oníṣẹ́ epo ni wọ́n ti bí Àrìnpé, ẹsẹ̀ ló fi tẹ epo dàgbà. Kí ẹ̀rọ ìfúnpo tó dé, ihò báyìí ni àwọn obìnrin ń da ẹyìn sísè sí. Wọ́n á bu omi lé e, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi léfòó. Nítorí epo ò mọ aṣọ, ìró péńpé lásán ni wọ́n ń sán, òkè á wà ní ìhòòhò. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin ò fi gbọdọ̀ débẹ̀. Èyí tó bá yọjú, wọ́n á da ẹrẹ̀ ẹyìn lé e lórí, wọ́n á sì kọrin bú u títí tí yóò fi délé ìyá rẹ̀. Nígbà tí Akínbọ̀wálé fi gbọ́njú, ẹ̀rọ ti gbòde ní Ìdí-Àràbà, koríko ti bo àwọn ẹkù mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n bí sáàárín ọ̀pẹ, tó ń jẹ epo lójoojúmọ́ ayé, kò mọ bí ẹkù ṣe rí. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èèwọ̀ ló ṣe é.

"Àrìnpé, epo ti dí ọ lójú. Gbogbo ihò tó o bá rí, ẹkù ni."

"Ẹ̀yin náà, gbogbo ihò tẹ́ ẹ bá rí, ọba ló ni ín."

"Ta ló máa to àpáàdì dáadáa báyìí nítorí epo?"

"Obìnrin tí kò fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wọ epo òun."

"Ojú omi yìí wá ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde tí wọ́n bá ti kó epo tán."

"Ibẹ̀ ni omi ìwẹ̀ ọba ń gbà jáde!"

"Ọba wo ló máa wẹ̀ nínú ihò tí ò mù ún dé ìbàdí?"

"Ọba kúkurú ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ nínú igbó. Ìjà náà ò sì parí láti ọjọ́ yẹn. Tí Àrìnpé bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó tọ̀nà, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ṣé èyí náà, ẹkù ni?" Tí ọkùnrin náà bá pẹ́ dé, ìyàwó á bi í bóyá ìpàdé àwọn ìjòyè Adìgbó ló dá a dúró. Nígbà tí wọ́n bí Dárà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bàbá rẹ̀ gbé e lọ sẹ́nu ihò náà kí ìkókó lọ kí ilé bàbá ńlá rẹ̀. Àrìnpé tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ má ju ọmọ mi sínú ẹkù o!" Tí wọ́n bá ń bára wọn ṣe kùnrùngbùn, tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ọ̀kan nínú wọn á kàn la ẹnu: "Ọba." Èkejì á dá a lóhùn: "Ẹkù." Ìjà á tú ká. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èyí ni tiwọn.

Ọkùnrin náà máa ń tọ́jú ibẹ̀. Kò gbin nǹkan kan sí i. Lọ́dọọdún, tó bá ti ro oko tán, á ro ẹnu ihò náà yí ká, á gbá ewé jáde nínú rẹ̀. Yàrà gígùn kan tún wà létí oko, igbó bò ó, òun náà wà nínú Adìgbó lójú tirẹ̀. Àrìnpé ní ọ̀gbàrá ló gbẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọdẹkúnlé, àbúrò rẹ̀, wá bá Àrìnpé nílé. Èèyàn dáadáa ni Ọdẹkúnlé, òun ló gbé orí òkú nígbà tí wọ́n ń sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí Àrìnpé ò lè pe orúkọ ọmọ ọkọ tó bá nílé, Dúdúyẹmí ló sọ ọ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "katakata ń bọ̀ lọ́jọ́rú. A fẹ́ fi tú gbogbo ilẹ̀ bàbá wa lẹ́ẹ̀kan, ká gbin ẹ̀gẹ́ sí i látòkè délẹ̀. Ihò yẹn ò lè wà níbẹ̀. Táyà á já sí i. A máa dí i."

Àrìnpé ní, "Bó bá ṣe tọ́ lójú yín, Dúdúyẹmí."

Àfi bí Dárà ṣe fò dìde nídìí ògiri. Olúwadárasími lorúkọ rẹ̀ pátá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó ló ń lọ, ó wálé fún ìsinmi. "Ta ló máa dí i? Bàbá Kékeré, ẹ mọ nǹkan tí ihò yẹn jẹ́ fún bàbá mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ nǹkan tí ìyá ẹ pè é."

"Dókítà kan wà ní yunifásítì, ní ọgbà wọn tó wà ní Ayétòrò. Iṣẹ́ ìlú àtijọ́ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó wá wò ó ná."

Ọdẹkúnlé ronú. "Kò burú," ó ní. "Tí onímọ̀ bá wá, tó ní nǹkan ni, kí katakata yà á sílẹ̀. Tó bá ní ẹkù ni, a ó dí i. Mi ò lè pa ilẹ̀ tì nítorí ibi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ epo. Ìyàwó wa, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àrìnpé wí.

Nígbà tó lọ tán, Dárà dúró sí ìyá rẹ̀ lórí. "Màmá, tí Dókítà bá dé, tó bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹkù ni."

"Ẹkù ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ ò tiẹ̀ bìkítà. Wọ́n fẹ́ kó iyẹ̀pẹ̀ dà sórí ohun tí bàbá mi fẹ́ràn jù láyé, ẹ ń sọ pé bó bá ṣe tọ́ lójú wọn. Ṣé kò dùn yín ni?"

Àrìnpé wá a nínú ara rẹ̀ bóyá ó dùn òun. Ó wá a dáadáa, bí èèyàn ṣe ń tú àpò wá kọ́kọ́rọ́. Kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Lọ jẹun." Ọmọ náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbà.

Dókítà Bámikẹ́ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí katakata ku ọ̀la. Obìnrin ni, ó sanra díẹ̀, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ kí Àrìnpé kó tó kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn jọ rìn lọ sóko, Ọdẹkúnlé ló síwájú, ó ń fi àdá ṣán koríko sọ́tùn-ún sósì, Dárà ń ro ìtàn Adìgbó fún Dókítà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Àrìnpé ò tíì débẹ̀. Koríko ti hù lẹ́nu ihò. Ewé ti kún inú rẹ̀. Ó rí i, ó wò ó, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Dókítà kọ́kọ́ rin yàrà etí oko títí tí wọn ò fi rí i mọ́. Nígbà tó padà, ó wọ inú ihò, ó gbá ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọ̀bẹ kékeré ha iyẹ̀pẹ̀ àárín àwọn àpáàdì, ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn. Ó wá gbójú sókè.

"Màmá, ẹ̀yin ẹ ti pẹ́ níbí. Kí lẹ mọ ibí yìí sí?"

Dárà di ẹnu rẹ̀ mú. Ọdẹkúnlé ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo Ìdí-Àràbà ló mọ ìdáhùn, àtọmọdé àtàgbà. Àrìnpé la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún tó wọlé ọkọ, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde fúnra rẹ̀ bí èémí. Kí ó tó sọ ọ́, ó wo ẹ̀yìn. Kò mọ ìgbà tó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ òsì níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí, tí yóò ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sẹ́nu, tí yóò máa dúró dè é. Koríko ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Dárà ní odò ìwẹ̀ ọba ni."

"Ìyàwó wa!" Ọdẹkúnlé pariwo. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní Bàbá Dárà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà jáde nínú ihò, ó jókòó sétí rẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ó wo Dárà, kì í ṣe Ọdẹkúnlé. "Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún ọ, àbúrò mi. Ẹkù ni. Màmá tó bí màmá mi ní ọ̀kan. Wo bí iyẹ̀pẹ̀ yìí ṣe dúdú, epo ló mu ún yó. Àtọdúnmọ́dún ni wọ́n fi tẹ epo níbí."

Omi ti gba Dárà lójú. Ó bèèrè pé: "Ṣé Adìgbó ò wá sí rárá nìyẹn? Ṣé gbogbo ẹ̀, irọ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ihò yìí ni mo ní kì í ṣe ti ọba. Ìlú ńkọ́?" Ó na ọwọ́ sí apá yàrà. "Àwọn ìlú tí igbó bò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò sílẹ̀ láyé àtijọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Yàrà kan wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tó gùn tó ìrìn ọjọ́ púpọ̀, igbó bò ó, àwọn tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ogun sì lé ọ̀pọ̀ ìlú jáde lápá ibí, ìyẹn kì í ṣe àlọ́. Èyí tí wọ́n ní gbogbo ìlú lọ lọ́jọ́ kan, tí ọbẹ̀ wà lórí iná, ìlú tí ìjayà bá máa ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá sá yọ. Ilẹ̀kùn idẹ ni mi ò mọ̀. Ìtàn máa ń wọṣọ ọdún kó tó jáde."

"Yàrà tiwa yìí wá ńkọ́?" Dárà bi í.

"Apá kan níbẹ̀, òjò ló gbẹ́ ẹ. Apá kan tọ́ jù fún òjò. Mi ò lè búra. Ohun mìíràn tún ni àpáàdì yìí." Ó fọwọ́ lu ọ̀kan lára wọn. "Ẹni tó ṣe ẹkù yìí, ó ṣà wọ́n níbì kan ni. Ìkòkò ilé ẹnì kan ò lè fọ́ tó báyìí. Níbo ló ti rí wọn? Ó lè jẹ́ ààtàn abúlé kékeré kan. Ó lè jẹ́ nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí Adìgbó wà, ó sì ṣeé ṣe kó má wà. Àfi ká gbẹ́ ilẹ̀, ká fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó lè gba ọdún púpọ̀, ká má sì rí nǹkan kan."

Ọdẹkúnlé mí kanlẹ̀. Ó ti àdá bọ àkọ̀. "Dókítà, ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹkù ni ẹ pè é, àdéhùn wa sì nìyẹn. Lọ́la, kí katakata tó dé, màá ní kí àwọn ọmọkùnrin wá dí i. Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ borí! Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́, ẹ rí i pé onímọ̀ náà ti jẹ́rìí gbè yín."

Ó ń ṣàwàdà ni, kò ní ibi nínú. Àrìnpé dúró. Ẹni tí òun borí rẹ̀ yìí ò sí níbẹ̀, tí yóò fi kọ̀, tí yóò fi ní dókítà wo, tí yóò fi ní epo ti dí dókítà náà lójú. Ó borí, ọ̀rọ̀ tán, ilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí ló máa rí téèyàn bá borí.

"Wọn ò ní dí i," ó ní.

Ọdẹkúnlé rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lẹ wí?"

"Katakata ò gba ibí kọjá. Ilẹ̀ yìí, ìpín bàbá Dárà ni, Dárà ló ni ín, èmi sì ni ìyá Dárà. Ẹ tú ìyókù. Ẹ yà á sílẹ̀."

"Àdéhùn ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ilé yín."

"Mo sọ ọ́. Ẹ má bínú."

"Àbí ẹ ti wá gbà pé ọba ló ni ín?"

"Rárá o. Ẹkù ni."

"Ẹ gbọ́! Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ yìí. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ sọ ọ́ lọ́jà, ẹ sọ ọ́ níwájú bàbá wa kó tó kú. Ta ni ò gbọ́ ọ? Èmi wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ẹ̀ṣẹ̀."

"Ọkọ mi ni mo ń sọ ọ́ fún," Àrìnpé ní. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, kò sì wálẹ̀. "Èmi ni mo ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin kọ́, Dúdúyẹmí."

Ọdẹkúnlé wò ó. Ó fẹ́ fèsì, ó tún wo ihò náà, ó wo koríko tó hù lẹ́nu rẹ̀, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń ro kẹ́yìn lọ́dọọdún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí yóò pàdánù níbẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi igi sàmì sí i nígbà náà," ó kùn. "Táyà olówó olówó ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn sójú awakọ̀."

Dókítà bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun padà wá, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, láti gbẹ́ apá ibi tí yàrà ti tọ́. Dárà wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ wá," Àrìnpé ní. "Tẹ́ ẹ bá rí ìlú, ẹ sọ fún ọmọ yìí. Ẹ má sọ fún mi."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mi ò mọ nǹkan tí màá fi dáhùn mọ́."

Ọdẹkúnlé ti wọgbó lọ. Ó gé igi, ó gbẹ́ ṣóńṣó orí wọn, ó ń gún wọn mọ́lẹ̀ yí ihò náà ká, ó ń kùn lábẹ́ ẹnu pé àwọn obìnrin ilé yìí ò ní pa òun. Ó tú okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹ̀gẹ́, ó so ó mọ́ igi kìíní. Ó wá ń wá ẹni tó máa bá a di ìdí kejì mú. Dárà ń bá dókítà kó ẹrù rẹ̀.

Àrìnpé na ọwọ́, ó gbà á. Ọdẹkúnlé ń fa okùn náà láti igi dé igi kó lè le, ó ń fà á tagbáratagbára, bí ẹni tí inú ń bí tí ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Okùn náà ń yọ́ lọ nínú àtẹ́lẹwọ́ Àrìnpé, ó ń ha á, ó ń ha á. Ó ta á. Àrìnpé wo ọwọ́ náà. Ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ń dùn ún, ó ń dùn ún gan-an.

"Ṣé ó ń pa yín lára ni?" Ọdẹkúnlé bi í, ó ti dúró. "Ẹ jẹ́ kó lọ, kí n pe ẹlòmíràn."

"Rárá," ni Àrìnpé wí, ó sì wé okùn náà mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ máa fà á."